Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Lórí Omi Pẹ̀lú Ìyá Ọkọ

Ẹni tó bá rò pé ìyá ọkọ kì í mú àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ lọ sí ìgbafẹ́, kò tíì mọ Alhaja Àdìzátù, oníṣòwò aṣọ ní Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan. Obìnrin náà kì í gba ohunkóhun gbọ́ àfi tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò gba àyè nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ń lọ láti Abidjan sí Dakar, tí yóò sì yà ní erékùṣù Cap-Vert kó tó padà, àyè mẹ́ta ni Alhaja gbà. Ó gba tirẹ̀, ó gba ti Nùrúdíìnì ọmọ rẹ̀, ó sì gba ti Mùtmàínà, ọmọbìnrin tí Nùrúdíìnì fẹ́ fi ṣaya.

"Èmi àti ìwọ la jọ máa wà ní yàrá kan," ni Alhaja wí fún un. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Tí a bá dé, màá fún Nùrúdíìnì lésì."

Mùtmàínà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màámá."  Nínú ikùn rẹ̀, lápá ọ̀tún, kíndìnrín Ìkírámù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún un láti ọdún mẹ́fà. Láago méje àárọ̀ àti aago méje alẹ́, kò gbọdọ̀ má lo oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara rẹ̀ lé kíndìnrín náà dànù. Nínú gbogbo ilé Alhaja, Nùrúdíìnì nìkan ló mọ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, nínú yàrá tí bẹ́ẹ̀dì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn?

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Nùrúdíìnì wá sí ìsọ̀ ìyá Mùtmàínà ní ọjà Grand Marché, ó gbé léèsì tí màámá rẹ̀ rà níbẹ̀ lọ́wọ́, ó fa ojú ro.

"Aṣọ yìí ti ṣá," ló wí.

"Oòrùn lẹ sá a sí," ni Mùtmàínà dá a lóhùn. "Abẹ́ òjìji ni wọ́n ń sá a sí."

Nùrúdíìnì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó rí ìborùn, ó rí apá aṣọ tó gùn dé ọrùn ọwọ́ nínú ooru ọ̀sán. Ó ní, "Ṣé ìwọ náà máa ń ṣá ni?"

"Tí wọ́n bá sá mi sóòrùn," ni Mùtmàínà wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Òótọ́ ló sọ, dókítà ti ní kó yẹra fún oòrùn, ṣùgbọ́n Nùrúdíìnì kò mọ̀, ó rò pé yẹ̀yẹ́ ni. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì láìní aṣọ kankan lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kan, àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti ń pè é ní ọkọ ìyàwó.

Songon, ìlú etí ọ̀sà kan nítòsí Abidjan, ni Mùtmàínà ti sọ ọ̀rọ̀ kíndìnrín náà fún un. Wọ́n jókòó sétí ọ̀sà, àwọn apẹja ń kó àwọ̀n wọn wọlé, Mùtmàínà sì sọ gbogbo rẹ̀ láìdánudúró. Ó sọ bí kíndìnrín tirẹ̀ méjèèjì ṣe dáṣẹ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe gbé e lọ sí Tunis, bí Ìkírámù, tó ń gbé ẹrù ní èbúté nígbà náà, ṣe ní kí wọ́n la òun kí wọ́n yọ ọ̀kan fún àbúrò òun. Ìkírámù kò lè gbé ẹrù wúwo mọ́ láti ọjọ́ náà. Géètì ló ń ṣọ́ báyìí.

Nùrúdíìnì wo àwọn apẹja náà títí wọ́n fi kó àwọ̀n tán. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá."

"Bon. Ó tán nìyẹn." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣùgbọ́n má tíì jẹ́ kí màámá mi gbọ́."

Ìdí wà fún un. Ìyàwó Sàlàkọ́, ẹ̀gbọ́n Nùrúdíìnì, ti ṣàìsàn ọdún méjì kó tó kú. Ó ti fi àìsàn náà pamọ́ títí ó fi wọ̀ ọ́ lára, Alhaja fúnra rẹ̀ ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, Alhaja wí lójú gbogbo ẹbí pé òun kò tún ní fi ọwọ́ òun tọ́jú ìyàwó ọmọ òun títí dé sàréè. Mùtmàínà gbọ́, ó sì gbà láti dákẹ́. Ìfẹ́ ló ń pa á, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí ọkùnrin tó tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kíndìnrín tó tún padà wá rí.

Nígbà tí ó kan ìwádìí, Tantí Ganiatou, ìbátan bàbá Mùtmàínà, ni alárenà. Alhaja bi í bí ìdílé ṣe máa ń bèèrè: ṣé wèrè wà nílé wọn, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà, ṣé àìsàn tí kì í lọ wà? Ganiatou ní, "Kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn nílé wọn." Ó padà dé, ó ń yangàn.

"Tantí, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè," ni Mùtmàínà wí.

"Irọ́ wo ni mo pa? Ṣé o dùbúlẹ̀ àìsàn ni? Mo mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè. Ìwọ náà mọ ọjọ́ orí rẹ."

Kó tó wọkọ̀, Mùtmàínà lọ rí dókítà rẹ̀, Germaine, ọmọ àwọn ará Kétu tí wọ́n bí sí Abidjan, tó máa ń da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá bí ẹni ń po àdàlú. "Ma chérie, o lè lọ," ni Germaine wí. "Àwọn tó gba kíndìnrín ń wọ ọkọ̀ ojú omi dáadáa. Ṣùgbọ́n fetí sí mi. Inú báàgì ọwọ́ ni oògùn máa wà, jamais inú àpótí, torí wọ́n máa gba àpótí lọ́wọ́ yín ní èbúté, o ò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa gbé e dé yàrá. Mú ìlọ́po méjì dání. Oúnjẹ tó ń hó ni kí o jẹ. Má fẹnu kan ewébẹ̀ tútù, má fẹnu kan ẹja tí iná ò kàn, má mu yìnyín wọn, má bá wọn wọnú omi gbígbóná tí wọ́n ń wẹ̀ pọ̀. Wọ́n máa bèèrè ìwé abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú lọ́wọ́ rẹ. O ò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ yẹn láéláé. Ìwé tí mo kọ yìí ni kí o fi hàn wọ́n. Lọ rí dókítà ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó mọ̀ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bì, sá fún un. Bí o bá bi oògùn rẹ jáde fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ara rẹ máa rántí pé àlejò ni kíndìnrín yẹn."

Ó gbé bíírò sílẹ̀. "Ta lẹ jọ wà ní yàrá?"

"Ìyá àfẹ́sọ́nà mi."

"Wọ́n mọ̀?"

Mùtmàínà ká ìwé náà, ó tì í bọ báàgì.

"Ẹni tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀," ni dókítà wí. 

Ìkírámù ló gbé e dé èbúté. Nígbà tí wọ́n ń yẹ ìwé wò, Nùrúdíìnì fa màámá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kí wọ́n jọ ya fọ́tò, Mùtmàínà sì yára fi ìwé Germaine hàn, wọ́n jẹ́ kó kọjá. Ó ti kó oògùn sínú àpò kékeré tí obìnrin ń tọ́jú nǹkan oṣù sí, nítorí kò sí ìyá ọkọ tó máa ṣí irú àpò bẹ́ẹ̀. Láago méje, á wọ ilé ìwẹ̀, á ṣí omi kó máa dún, á gbé oògùn mì.

"Kí lo máa ń ṣe níbẹ̀ láago méje géérégé?" ni Alhaja bi í lọ́jọ́ kejì.

"Mo ń fọ ẹnu ni, Màámá."

"Ẹnu tí o ń fọ̀ yìí mà mọ aago o."

Kò lọ rí dókítà ọkọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé òun á lọ, ojoojúmọ́ ni Alhaja sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi oúnjẹ ló tún burú jù. Àwọn èèyàn tò gbọọrọ, gbogbo wọn ń fi ṣíbí kan náà bu ewébẹ̀ tútù, Alhaja á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu tirẹ̀ sínú àwo fún un. Ọmọ wo ló ń kọ oúnjẹ tí ìyá ọkọ bù fún un? Mùtmàínà á ní òun ti yó, á lọ gba ìrẹsì tó ń rú èéfín níbi tí wọ́n ti ń sè é. Ó gbọ́ tí Alhaja ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé, "Ọmọ yìí ń ṣe fáàrí."

Ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ìyá náà máa wọ òun lọ́kàn. Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun alásárì, Alhaja ní kó wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ òun, ó tú irun rẹ̀, ó ń dì í ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Irun rẹ fúyẹ́," ló wí. "Ti ìyàwó Sàlàkọ́ náà fúyẹ́ nígbẹ̀yìn. Èmi ni mo ń dì í. Mi ò bí obìnrin, o rí i, mo wá fi í ṣe ọmọ." Ó mú irun mìíràn dì. "Kò sọ fún mi. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Mi ò bá ti tètè wá nǹkan ṣe."

 Bí Alhaja ṣe dirun náà tán ni Mùtmàínà wá Nùrúdíìnì lọ síbi tí wọ́n ti ń wo òkun.

"Jẹ́ kí n sọ fún wọn lónìí. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ó ku ọjọ́ mẹ́fà péré," ni Nùrúdíìnì wí. "Wọ́n ti ń fẹ́ràn rẹ. Ṣé o fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni? Farabalẹ̀. Y'a foye, kò séwu."

Ó rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín tó fi mú un ní ìsọ̀ léèsì, Mùtmàínà sì tún gbà.

Lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Dakar, wọ́n kéde nínú ọkọ̀ pé àìsàn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti wọlé, kí gbogbo èèyàn máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi oògùn nu gbogbo ibi tí èèyàn ń dì mú. Mùtmàínà fọ ọwọ́ títí awọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Oorun kò kùn ún mọ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ariwo èébì ló jí i. Alhaja ti bì sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti bì sílẹ̀, ó di bàsíà mú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Mùtmàínà. Fún mi lómi. Wá dì mí mú."

Gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ Mùtmàínà láti kékeré ní kó sáré lọ síbẹ̀, kó gbá èébì náà kúrò, kó wẹ ara ìyá ọkọ rẹ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún ọgbọ̀n ọdún nípa ìyàwó rere. Ẹ̀yìn ló ń rìn sí. Ó ti na ọwọ́ mú báàgì rẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó fi ìborùn bo imú, ó jáde, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Nùrúdíìnì.

"Màámá ń bì. Lọ tọ́jú wọn, mi ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀."

Nùrúdíìnì ń nu ojú oorun. "O fi wọ́n sílẹ̀ nìkan?"

"O mọ ìdí rẹ̀."

"Báwo lèmi ọkùnrin ṣe máa wẹ̀ fún màámá mi? Ìwọ ni wọ́n ń retí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mùtmàínà, gbọ́ mi. Bí o bá wọlé báyìí, ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n á gbà ọ́ lónìí olónìí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Fi aṣọ bo imú, kí o fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀."

"Bí mo bá kó o ńkọ́?"

"Kí ló dé tó jẹ́ ibi lo máa ń rò? Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ. Wọlé, jọ̀ọ́. Nítorí tiwa."

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ lé Mùtmàínà lẹ́yìn, ó sì tì í. Kò tì í pẹ̀lú agbára. Pẹ̀lẹ́ ló tì í, bí èèyàn ṣe ń ti ọmọdé tójú ń tì síwájú àlejò. Mùtmàínà fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó rò pé, bí òun bá wọlé, òun á di ìyàwó. Ó rò ó dáadáa, ó sì wù ú. Ìkírámù ló wá sí i lọ́kàn, bó ṣe máa ń fi ọwọ́ ti ìhà nígbà tó bá fẹ́ dìde lórí àga ní géètì. Ohun tó wà nínú òun kì í ṣe tòun nìkan tí òun á fi ta tẹ́tẹ́.

"Màámá, ẹ forí jì mí," ló wí láti ẹnu ọ̀nà, omijé ti dé ẹnu rẹ̀. "Mi ò lè wọlé. Kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi ló wà lára mi. Tí mo bá kó àìsàn yìí, tí mo sì bi oògùn mi, ó lè bàjẹ́, mo sì lè kú. A parọ́ fún yín."

Alhaja gbé ojú sókè lórí bàsíà. "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́fà."

"Nùrúdíìnì mọ̀?"

"Ó mọ̀."

Ojú Alhaja kúrò lára rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, síbi tí ọwọ́ Nùrúdíìnì ṣì wà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, èébì tún gbé e. Nígbà tó rí ohùn, ó ju ọwọ́ sí Mùtmàínà bí ẹni ń lé adìẹ.

"Jáde," ló wí. "Jìnnà sí mi. Jáde."

Mùtmàínà jáde. Dókítà ọkọ̀ ka ìwé Germaine, ó bá a wí pé kí ló dé tí kò ti wá láti ọjọ́ kìíní, ó sì fún un ní yàrá mìíràn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dá wà níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sí. Àìsàn náà kò mú un. Ó ń lo oògùn rẹ̀ láìṣí omi kó máa dún, ó sì ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Lórí tẹlifóònù, Nùrúdíìnì kọ́kọ́ ní, "Wo ohun tí o fọwọ́ ara rẹ fà." Lọ́jọ́ kejì, ó ní kó má bínú. Mùtmàínà pa fóònù.

Nígbà tí wọ́n dé Abidjan, ó rí Alhaja tó ń sọ̀kalẹ̀, ó ti gbẹ, Nùrúdíìnì dì í mú lápá. Mùtmàínà kúnlẹ̀ láti kí i. Alhaja fi ìborùn bo ẹnu, ó yà bàrá gba ọ̀nà mìíràn, ó kọjá lára rẹ̀.

"Ara ńkọ́?" ni Ìkírámù tó wá gbé e bi í.

"Ara wà."

"Ìyá ọkọ ńkọ́?"

"Má bi mí, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Mùtmàínà ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó tán, nígbà tí Tantí Ganiatou wọlé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó wọ aṣọ ìjáde, ojú rẹ̀ kò dúró síbì kan.

"Alhaja ló rán mi," ló wí. "Wọ́n bá mi wí títí ẹnu fi ń dùn wọ́n. Èmi àgbàlagbà, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n wá tọrọ rẹ."

Ìyá Mùtmàínà ní, "Alhamdulillahi," ó bú sẹ́kún.

"Wọ́n lé mi," ni Mùtmàínà wí. "Wọ́n kọjá lára mi ní èbúté."

"Àìsàn ni wọn ò fẹ́ kí o kó, ìwọ ọmọ yìí. Wọ́n ní èébì ò jẹ́ kí àwọn lè ṣàlàyé. Ní èbúté, ara wọn ò tíì dá, ìdí tí wọ́n fi bo ẹnu nìyẹn. Wọ́n ní ìyàwó Sàlàkọ́ fi tirẹ̀ pamọ́ títí ó fi pa á, ìwọ dúró lẹ́nu ọ̀nà o sọ tìrẹ lójú wọn. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ báyẹn, òun ló máa sin àwọn, kì í ṣe àwọn ló máa sin ín." Ganiatou rẹ́rìn-ín. "Nùrúdíìnì wà níta nínú mọ́tò. Ojú ń tì í ni kò fi wọlé."

 Gbogbo ohun tí Mùtmàínà ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọdún mẹ́ta ló jókòó síwájú rẹ̀ yìí, tó wọ aṣọ ìjáde.

"Tantí, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Màámá," ló wí. "Ẹ dúpẹ́ gan-an. Ẹ sọ fún wọn pé màá máa wá kí wọn, tí wọ́n bá gbà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ọmọ wọn."

"O ní kí ni?"

"Ẹni tí kò tíì gbà mí ló ní kí n jáde kí n lè yè. Ẹni tó ní òun fẹ́ mi, òun ló tì mí wọlé."

Ìyá rẹ̀ fi aṣọ nu ojú. Ganiatou wò ó títí. "Ṣé o ò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, Tantí. Ìyẹn ni mi ò ṣe rí oorun sùn láti ọjọ́ tí a ti dé."

Ganiatou jókòó síbẹ̀ díẹ̀, bóyá ó ń retí kó yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tó rí i pé kò yí i, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Mùtmàínà kò lọ sójú fèrèsé. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí, ó gbọ́ ohùn Nùrúdíìnì tó ń bèèrè pé, "Tantí, kí ló wí?" Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ kó má baà gbọ́ èsì.